Kì Í Ṣe Táìsì Ló Ń Dá Omi Dúró

Bí ẹ bá wọ ilé tuntun ní Ṣágámù, ní Ìpẹru tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, tí onílé sì fẹ́ fi balùwẹ̀ rẹ̀ hàn yín, táìsì ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí. Yóò sọ iye tó rà á, yóò sọ ibi tó ti rà á, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára kí ẹ lè rí bó ṣe ń dán. Ẹ wá bi í léèrè ohun tó wà lábẹ́ táìsì náà. Iyanrìn àti símẹ́ǹtì ni, kí ló tún kù? Ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ láàárín wa nìyẹn: pé táìsì gidi ló ń dá omi dúró, pé bí a bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, tí a sì fi símẹ́ǹtì funfun dí àlàfo rẹ̀, ilẹ̀ balùwẹ̀ ti parí. Onílé gbà bẹ́ẹ̀, bíríkìlà gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lẹ táìsì ń fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí: "Àlàájì, ẹ fọkàn balẹ̀, eléyìí ò lè jò láéláé." Mo ní irọ́ ni. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń ba ilé wa jẹ́ ní Rẹ́mọ, inú ló sì ti ń bà á jẹ́, níbi tí ojú ò tó.

Kò sí ìlú tó yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ yìí tó Ṣágámù. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ǹtì wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Òun ló gbé WAPCO, àwọn tó ń ṣe símẹ́ǹtì, wá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1978, lẹ́yìn ọdún 18 tí ilé-iṣẹ́ wọn ní Ewékorò ti ń ṣiṣẹ́. Lónìí, wọ́n tún ń ṣe táìsì nínú Ṣágámù kan náà. Ohun èlò kò jìnnà sí wa, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Síbẹ̀, ẹ wọ yàrá tó wà lábẹ́ balùwẹ̀ òkè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó bá ti lo ọdún mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ gbójú sókè. Ẹ óò rí àpá omi ràbàtà lára àjà, pupa létí, funfun láàárín. Wọ́n á ní gbogbo ilé òkè ló máa ń jò. Rárá o. Ilé tí wọn ò dí ilẹ̀ rẹ̀ ló ń jò.

Ẹ jẹ́ ká tọ omi lẹ́yìn. Táìsì pọ́sílẹ́ènì tó dára kì í mu omi tó ju ìdá 0.5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, ohun tí àwọn tó ń tà á sì dì mú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í fi táìsì kan ṣoṣo tẹ́ balùwẹ̀. Bí yàrá náà bá jẹ́ mítà méjì ní òró, mítà méjì ní ìbú, tí táìsì rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 níhà kọ̀ọ̀kan, àlàfo tó wà láàárín wọn, bí ẹ bá tò ó sójú kan, yóò gùn tó mítà 24. Símẹ́ǹtì funfun ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Símẹ́ǹtì funfun a máa mu omi. Ó máa ń sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ bá mira díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọlẹ̀ máa ń họ ọ́, ásíìdì inú oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń jẹ ẹ́. Ọ̀nà tí omi ń gbà wọlẹ̀ gùn ju ojú pópó iwájú ilé ẹlòmíràn lọ, a sì dúró lórí rẹ̀, à ń wẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ṣágámù. Táìsì náà ṣì ń dán. Bíríkìlà ti ṣísẹ́ẹ̀lì bọ abẹ́ ẹyọ kan, ó sì gbéra láìjanpata, nítorí àárín ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni símẹ́ǹtì ti dì mọ́ ọn. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣófo, omi sì wà nínú òfìfo náà. Iyanrìn abẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Ó ń rùn, òórùn omi ọṣẹ tó ti kan. Bíríkìlà bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un, omi sì ń kán láàárín ìka rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì wẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ń wa iyanrìn náà, wọn ò tètè kan ìsàlẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán ilé ti ní kí wọ́n rẹ dẹ́kìn balùwẹ̀ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 kí páìpù lè ráyè, àwọn tó kọ́ ọ sì fi iyanrìn kún kòtò náà títí dókè. Táńkì ni wọ́n kọ́ sáàárín pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìmọ̀, wọ́n wá fi táìsì dé e.

Omi tó wà nínú irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ kì í jókòó lásán. Ó ń wọ kọnkéré lọ bá irin. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, àyè tí ìpẹtà ń gbà pọ̀ ju ti irin tó ti ara rẹ̀ jáde lọ fíìfíì, agbára wíwú yẹn a sì máa la kọnkéré. Ohun tí ayálégbé ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ ń rí ni ọ̀dà tó ń ṣí. Onílé á ní kí wọ́n tún un kùn. Lẹ́yìn náà ni kọnkéré á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ wẹ́wẹ́, irin á yọjú, pupa fòò. Nígbà yẹn, owó táìsì kọ́ là ń sọ mọ́, ilé fúnra rẹ̀ ló wà nínú ewu.

Púlọ́ńbà ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á pè é, á fọ́ ògiri, á pààrọ̀ páìpù tí kò ṣe nǹkan kan, á gbowó, àjà á tún máa kán lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí páìpù tó ń gbé omi wọlé bá ń jò, tọ̀sán-tòru ni yóò máa jò, yálà èèyàn wẹ̀ tàbí kò wẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé lẹ́yìn ìwẹ̀ nìkan ló ń kán, ẹ lọ wo ilẹ̀ àti ibi tí omi ń gbà jáde.

Ọ̀nà tí à ń gbà wẹ̀ mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Àwọn tí a wo àwòrán balùwẹ̀ wọn kọ́ tiwa máa ń jókòó sínú báàtọ́ọ̀bù. Inú rẹ̀ lomi ń dúró sí, ilẹ̀ ìta rẹ̀ kì í ju kó tutù díẹ̀. Àwa ńkọ́? Ìdúró là ń wẹ̀. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lomi wà, ike la fi ń bù ú, orí la ti ń dà á, ó sì ń ta kan ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí a bá fi kànìnkànìn ha ara tán, a ó gbé ìyókù da ara lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, kí kálukú wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gba lítà 20. Lítà 200 ló ń balẹ̀ lójoojúmọ́, 73,000 lọ́dún, sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Balùwẹ̀ tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ojú omi, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní wet room tí wọ́n sì ń ná owó ńlá lé lórí, òun náà ni gbogbo balùwẹ̀ ilẹ̀ wa. À ń wẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wa wà.

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé àwọn baba wa wẹ̀ títí wọ́n fi dàgbà láìmọ ohun tó ń jẹ́ wọ́tápúrúùfù. Wọn ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí balùwẹ̀ wọn wà: ẹ̀yìnkùlé, lórí ilẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ àti àpáàdì lábẹ́ ẹsẹ̀, ilẹ̀ náà sì da gẹ̀rẹ́ sí ojú àgbàrá. Kò sẹ́ni tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Kò sí irin nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà lomi ń wá, wọ́n sì fún un ní ọ̀nà. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àwọn àgbà fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá. Wọn ò dà á dùbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé e dúró lé, wọ́n tò ó mọ́ra tímọ́tímọ́, títí dòní ni a sì ń rí i nínú ilẹ̀ bí wọ́n ṣe tò ó. Ẹni tó to àpáàdì bẹ́ẹ̀ kò fi dídán ojú rẹ̀ ṣe olórí iṣẹ́. Bí a bá fẹ́ fi àwọn baba wa ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹ̀rí wọn dópin.

Àwọn ará Mòrókò tilẹ̀ ti já ọ̀rọ̀ yìí sí gbangba. Ní Marrakech, ògiri ilé ìwẹ̀ wà tí kò ní táìsì kankan lára. Ẹfun tí wọ́n jó láti ara òkúta ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, wọ́n á fi òkúta dídán lọ ojú rẹ̀ títí yóò fi le, wọ́n á wá fi ọṣẹ tí wọ́n fi epo ólífì ṣe pa á. Ọṣẹ á bá ẹfun dà pọ̀ di ohun kan tí omi kò lè wọ̀. Tadelakt ni wọ́n ń pè é, ó sì ti pẹ́ gan-an lọ́wọ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé táìsì ló ń dá omi dúró, kí ló ń dá a dúró níbẹ̀?

Iṣẹ́ tó yẹ ká ṣe kò ju agbára bíríkìlà Rẹ́mọ lọ rárá. Ibi ihò tí omi yóò gbà jáde ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo páìpù tí yóò gba inú ilẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ ti wà ní ipò kí ẹnikẹ́ni tó po símẹ́ǹtì, nítorí ohun tó ń ba iṣẹ́ rere jẹ́ jù láàárín wa ni púlọ́ńbà tó dé lẹ́yìn, tó wá lu ihò sínú ilẹ̀ tí wọ́n ti dí kí ó lè rí páìpù tirẹ̀ gbà. Lẹ́yìn páìpù ni kí wọ́n da ilẹ̀ gẹ̀rẹ́: símẹ́ǹtì kan sí iyanrìn ṣáàpù mẹ́rin, kí omi rẹ̀ má pọ̀, kí ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì fún mítà kọ̀ọ̀kan. Bí ìdí ògiri tó jìnnà jù bá fi mítà kan ààbọ̀ jìnnà sí ihò, ìdí ògiri yẹn gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ga ju ẹnu ihò lọ. Òfin tí àwọn púlọ́ńbà ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà kò yàtọ̀ síyẹn: ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ojú lásán kò lè wọn èyí. Kí bíríkìlà ta okùn láti ìdí ògiri dé ẹnu ihò, kó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé igi gígùn, kó wò ó láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí omi bá ti rógún lẹ́yìn ìwẹ̀, ibẹ̀ ni kò ti wò.

Orí ìdagẹ̀rẹ́ yìí gan-an, bó bá ti gbẹ, ni ohun tó ń dá omi dúró ní láti wà. Níbí ni èmi àti àwọn ọ̀gá bíríkìlà kan kò ti fohùn ṣọ̀kan. Àṣà wọn ni kí wọ́n kun ọ̀dà dúdú sórí dẹ́kìn ní pẹrẹsẹ, kí wọ́n da iyanrìn lé e, kí wọ́n wá lẹ táìsì. Ọ̀dà náà dá omi dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ iyanrìn ló ti dá a dúró, níbi tí kò ti ní ọ̀nà àtijáde, nítorí ẹnu ihò wà lókè. Iyanrìn á mu ún bíi kànìnkànìn, á mú un dání, á sì máa fà á gun ògiri. Bí ìdíwọ́ bá wà lórí ìdagẹ̀rẹ́, lábẹ́ táìsì pẹ́kípẹ́kí, omi tó bá gba àlàfo kọjá á bá a níbẹ̀, á sì tọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ihò. Iyanrìn kò ní fojú kan omi láé.

Ohun ìdíwọ́ tí mò ń sọ yìí wà lọ́jà. Ìyẹ̀fun símẹ́ǹtì kan ni, tí wọ́n ń fi omi rọ́bà inú kẹ́ẹ̀gì pò, tí wọ́n sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n kùn ún: kí ti àkọ́kọ́ gba òró, kí ti èkejì gba ìbú, kó má bàa sí ibì kankan tí wọ́n fò. Ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri ló máa ń kọ́kọ́ sán, nítorí náà kí wọ́n tẹ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún un mọ́ igun náà nígbà tí ìkùn àkọ́kọ́ ṣì tutù. Kí ó gun gbogbo ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 15. Níbi tí a ti ń da omi sára, kó ga ju orí èèyàn lọ. Kó wọ inú ẹnu ihò díẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni táìsì tó kàn, kí símẹ́ǹtì tàbí gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì kún gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ dé igun.

Kí n tó kúrò lórí ihò: páìpù tó tẹ̀ bíi létà U lábẹ́ rẹ̀, tí omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún máa ń dúró sínú rẹ̀, òun ló ń dí òórùn àti kòkòrò sọ́kàwéè mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fò ó kí owó lè dín. Ní oṣù kẹta ọdún 2003, nígbà tí àrùn SARS wọ Hong Kong, ó ju 300 èèyàn lọ tó kó o ní àwọn ilé gogoro Amoy Gardens, 42 nínú wọn sì kú. Àwọn tó wádìí rẹ̀ rí i pé omi inú irú páìpù yìí ti gbẹ nínú ọ̀pọ̀ balùwẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà sì ti là fún afẹ́fẹ́ inú páìpù ìdọ̀tí láti wọlé. Nítorí náà, ẹni tó ní balùwẹ̀ àlejò tí wọn kì í lò, kó máa da omi sí ihò ilẹ̀ rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ nínú táìsì ń ṣe ibi mìíràn, èyí tó dùn mí jù. Nítorí pé ilẹ̀ kò da gẹ̀rẹ́, omi ń sá wá sí ẹnu ọ̀nà. Nítorí pé omi ń sá wá, wọ́n mọ odi kékeré síbẹ̀. Odi yẹn ni ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún, tí orúnkún ń dùn, ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá lóru, kó sì gbé e lé táìsì tí wọ́n yàn nítorí dídán. Ọṣẹ àti táìsì dídán kò yẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ arúgbó. Ní Jámánì, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń dán táìsì ilé ìwẹ̀ wò: èèyàn á dúró lórí rẹ̀, omi ọṣẹ á máa ṣàn, wọ́n á máa gbé pátákó náà dagẹ̀rẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi fẹ́ yọ̀. Ibi tó bá dé ni wọ́n fi ń pín in sí A, B àti C. Ti ibi ìwẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju B lọ. Táìsì tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka ni ilẹ̀ balùwẹ̀ ń fẹ́, kí dídán wà lára ògiri.

Àwọn ọmọ Rẹ́mọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ibẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ti àga onítáyà wọ balùwẹ̀ tí kò ní odi lẹ́nu ọ̀nà, tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ gbọrọ láti yàrá dé ẹnu ihò. Ní England, ìjọba ìbílẹ̀ lè san tó 30,000 pọ́n-ùn lórí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. Àwọn ọmọ wa yìí mọ̀ ọ́n, wọ́n ń lò ó, síbẹ̀ báàtọ́ọ̀bù àti jàkúsì ni wọ́n ń fowó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá tiwọn nílé. Ìyá kò lè gbé ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ó di ibi tí wọ́n ń pọnmi sí de ìgbà tí iná kò bá sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ wa, ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́ dáadáa, ọ̀pá ìdìmú kan lára ògiri àti ìjókòó kékeré ni kí ẹ fowó ṣe fún màmá.

"Ilé ilẹ̀ lèmi kọ́, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì." Mo ń gbọ́ ìyẹn náà. Bìlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì máa ń fa omi láti ìdí gòkè. Ẹ ti wọ́dúróòbù tó wà ní òdìkejì ògiri balùwẹ̀ kúrò kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ti owó ló kù. Wọ́n ní kò sí. Ṣùgbọ́n wọ́n lẹ táìsì láti ilẹ̀ kan àjà nínú balùwẹ̀ mẹ́rin, àní lẹ́yìn ilẹ̀kùn pàápàá, níbi tí omi kì í dé. Bí wọ́n bá dá táìsì dúró ní èjìká níbi tí kò pọn dandan, owó ìdíwọ́ ilẹ̀ ti jáde níbẹ̀. Ní Ìlíṣàn, láti ìgbà tí Babcock ti di yunifásítì ní 1999, ilé akẹ́kọ̀ọ́ ń hù káàkiri. Yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú balùwẹ̀ tirẹ̀, balùwẹ̀ kan fara ti èkejì, òmíràn wà lórí wọn. Ilé oníyàrá méjìlá jẹ́ ilẹ̀ ìwẹ̀ méjìlá. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ nílé. Kò pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé náà kò bá a lọ, ẹni tí yóò fọ́ táìsì ilẹ̀ méjèèjìlá tí yóò sì tún òmíràn rà ni onílé yẹn fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́, tàbí tó fẹ́ tún balùwẹ̀ ṣe, kó fi èyí sínú àdéhùn kó tó san owó àkọ́kọ́. Bí ìkùn kejì bá ti gbẹ, kí wọ́n dí ihò pa, kí wọ́n mọ símẹ́ǹtì díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n da omi sí ilẹ̀ náà títí yóò fi bo ibi tó ga jù. Kí wọ́n fi pẹ́ńsù fa ilà sára ògiri níbi tí omi dé. Wákàtí 24, kò gbọdọ̀ dín. Kí onílé fúnra rẹ̀ padà wá wo ilà náà, kó sì lọ wo àjà ìsàlẹ̀. Bí omi bá ti fi ilà sílẹ̀, kí táìsì má tíì wọlé. Kí wọ́n wá ibi tó gbà lọ, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n tún da omi mìíràn sí i. Ọ̀gá bíríkìlà tó bá ní òun kò lè dúró fún ọjọ́ kan yìí, ẹ wá ẹlòmíràn.